Láti Ṣakí dé Èbúté Apápá: Bí Ọkọ̀ Òkun ti ń Já Ẹrù Ara Rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá wa gbé ní Ọ̀kè-Ògùn rí yóò jẹ́rìí sí i pé a kò ní omi kan tí ọkọ̀ ńlá lè gbà. Odò Ògùn tí a fi ń pe ilẹ̀ wa, ní apá òkè lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ibi ni ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀rùn. Pápá ni tiwa, àti òkúta, àti igi òrí, àti igi irú. Ènìyàn lè gbó ní Ṣakí kí ó sì lọ sí ibojì rẹ̀ láìfi ojú kan òkun. Èmi pàápàá ti lé ní ọdún 50 kí n tó fi ọwọ́ mi kan ara ọkọ̀ tí ń la òkun kọjá. Síbẹ̀, ọkọ̀ òkun kan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di olè lójú àwọn ará ìlú mi, bí ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù kan wà ní àdúgbò wa tí ó fi mí ṣe akọ̀wé, nítorí pé láti ìgbà èwe mi ni iṣẹ́ mi ti jẹ́ láti máa kọ orúkọ àti iye owó sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún tí ó kọjá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá owó jọ láti ra àpò ajílẹ̀ 600, èyí tíí ṣe ẹrù tírélà kan. Mo gba owó náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì san án fún oníṣòwò kan ní Ìbàdàn, òun náà sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Ó ṣe ìlérí pé kí àgbàdo wa tó yọ ewé mẹ́rin, ajílẹ̀ yóò ti dé Ṣakí. Òjò rọ̀, a gbìn. Àgbàdo yọ ewé mẹ́rin, ó yọ mẹ́fà, ó yọ mẹ́jọ, a kò rí ajílẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá pe oníṣòwò náà lórí tẹlifóònù, èsì kan náà ni: ọkọ̀ ti dé èbúté, ṣùgbọ́n kò tí ì já ẹrù tán.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń rí láàrin ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní wọ́n gbà mí gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ọkùnrin kan béèrè láàrin ìpàdé pé ọkọ̀ wo ni a kì í já ẹrù inú rẹ̀ fún odidi oṣù kan, nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọkùnrin mẹ́rin ní ọjà Ṣakí a máa já ẹrù tírélà tán kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò lè dáhùn, nítorí n kò mọ̀. Ìyá arúgbó kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, opó ni, ewúrẹ́ méjì ni ó tà kí ó tó rí owó àpò mẹ́ta san. Nígbà tí àwọn yòókù túká, ó sún mọ́ mi, ó ní, “Bàbá Akọ̀wé, èmi kò pè yín ní olè o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ fi ojú ara yín rí ọkọ̀ náà, kí ẹ wá sọ bí ó ti rí fún mi.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ẹ̀rín àwọn ọkùnrin lọ. Ní ọjọ́ kẹta mo dìde ìrìn-àjò.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ajílẹ̀ ń wá lórí òkun, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò ó láìmọ ibi tí ó ti wá. Nínú àpò tí a kọ N, P àti K sí lára, oúnjẹ oríṣi mẹ́ta fún ohun ọ̀gbìn ni ó wà. Ti àkọ́kọ́, tí à ń rí nínú yúríà, a ń ṣe é nílé wa níhìn-ín láti inú gáàsì, ní Eleme lẹ́bàá Port Harcourt. Èkejì ni fọ́sífétì tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ní Mòrókò. Oṣù kejìlá ọdún 2016 ni ìjọba wa àti àwọn ará Mòrókò ṣe àdéhùn lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pọ́táàṣì, òkè òkun ni òun náà ti ń wá. Wọn kì í dì wọ́n sínú àpò wá. Bí a ti ń da ọkà bàbà sínú àká ni wọ́n ń dà wọ́n sínú ikùn ọkọ̀, lásán bẹ́ẹ̀, tí yóò fi kún. Ìgbà tí wọ́n bá dé ilẹ̀ wa ni a tó pò wọ́n pọ̀ tí a sì dì wọ́n sínú àpò.

Mo kúrò ní Ṣakí kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì. A gba Àgọ́-Àrẹ, a gba Ọ̀kàkà àti Òtu àti Ìpàpó, ilẹ̀ sì mọ́ kedere bí a ti ń lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè rí oko lọ́tùn-ún lósì. N kò gbádùn ohun tí mo rí. Àgbàdo tí ebi ajílẹ̀ ń pa kì í fi ara pamọ́: láti ṣóńṣó ewé ìsàlẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, yóò sì máa gba àárín ewé wọlé bí ìgbà tí iná bá ń jẹ bébà. Ní Ìṣẹ́yìn a dúró jẹun. Mo gbọ́ ìró òfì àwọn ahunṣọ láti ẹ̀yìn ilé kan sí èkejì, mo sì rántí pé púpọ̀ nínú òwú dídán tí wọ́n ń hun nísinsìnyí, ojú òkun náà ni ó gbà wọlé. Nígbà náà ni mo kọ́kọ́ rò ó pé bóyá a kò jìnnà sí òkun tó bí a ti ń rò.

Ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Mọ́níyà, tí ó tó kìlómítà 65, a ti tún un ṣe, ó sì tẹ́jú. Ní Mọ́níyà mo wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021, tí ń lọ sí Èbúté Mẹ́tà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn mọ̀ pé ojú irin àkọ́kọ́, èyí tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, kò yà sí ọ̀dọ̀ wa. Gúúsù àti àríwá ni ó ń lọ, ó fi Ọ̀kè-Ògùn sílẹ̀ fún orí àti ẹsẹ̀. Bàbá mi àgbà ru òwú láti Ṣakí lọ sí Ọ̀yọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó lórí àga rírọ̀, ó sì dé Èkó láàrin wákàtí mẹ́ta. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè sùn nínú ọkọ̀ náà, ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ wà lórí itan mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kan ń ṣiṣẹ́ ní Apápá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa ka iye tírélà tí ó kún. Òun ni ó gba ìwé àṣẹ fún mi ní ọjọ́ kejì, ó fi fìlà líle dé mi lórí, ó sì ní, “Bàbá, ẹ máa tẹ̀lé mi lẹ́yìn gbọ́ọ́rọ́, ẹ má ṣe dúró sí abẹ́ ohunkóhun tí ó bá ń fì lókè.” Bí a ti yọ sí etí omi, mo rò pé ilé alájà mẹ́rin ni mo ń wò. Ọkọ̀ náà ni. Gígùn rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 600 lọ. Ikùn rẹ̀ pín sí yàrá márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdérí irin tí ń ṣí tí ó sì ń pa dé. Láàrin yàrá kan àti èkejì ni kréènì kan dúró, mẹ́rin lápapọ̀, orí ọkọ̀ náà gan-an ni a sì kàn wọ́n mọ́.

Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí. Mo ti rò pé èbúté ni ó ní ẹ̀rọ tí ń já ẹrù, tí ọkọ̀ yóò kàn wá dúró níwájú rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ní èbúté tí ó lówó púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èbúté ní ayé ni kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó, nítorí náà àwọn tí ń kan ọkọ̀ a máa fi ọwọ́ fún un, kí ó lè sọ ẹrù ara rẹ̀ níbikíbi tí ó bá gúnlẹ̀ sí. Irú kréènì bẹ́ẹ̀ a máa gbé tó tọ́ọ̀nù 30 lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin kan jókòó sínú àpótí onígíláàsì lára kréènì náà, ní òkè réré, ó ń wo ìsàlẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́nu okùn wáyà ni gíráàbù wà, garawa irin ńlá oníjìkà méjì tí ń là bí ẹnu ọ̀nì. Yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lílà, yóò jókòó lórí ajílẹ̀, okùn yóò fà, ẹnu yóò pa dé, yóò sì gbé tọ́ọ̀nù 10 sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kréènì yóò yí ọrùn padà sí ẹ̀bá èbúté, níbi tí wọ́n gbé àrọ irin kan kalẹ̀ sí, bí àrọ tí àwọn ìyá wa fi ń rọ epo sínú ìgò, ṣùgbọ́n tírélà lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹnu yóò là, ajílẹ̀ yóò dà wàrà, eruku yóò sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ó ti padà sínú ọkọ̀.

Èmi tí mo fẹ́ràn ìṣirò jókòó sí ibìkan mo sì fa bírò yọ. Ọkọ̀ náà kó tọ́ọ̀nù 30,000 wá. Àpò 20 ni ó wà nínú tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà àpò 600,000 ni. Tírélà tiwa kan ṣoṣo a máa kó 600. Nítorí náà ẹrù tírélà 1,000 ni ó wà nínú ikùn kan yìí. Bí kréènì kan bá já tọ́ọ̀nù 200 ní wákàtí kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò já 800, wákàtí 38 yóò sì ti tó. Ọjọ́ méjì! Mo gbé ojú sókè, mo bi ọmọ náà pé kí ni ó wá fa oṣù kan.

Ó na ìka sí kréènì kejì. Kò mira. Okùn wáyà rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ̀rọ tí ń ká a pẹ̀lú ti ní àìsàn, a sì ń retí ẹ̀yà rẹ̀ láti òkè òkun. Ọwọ́ ọkọ̀ náà ni, kì í ṣe ọwọ́ èbúté, ẹlòmíràn kò sì lè yá a ní tirẹ̀. Kréènì kìíní àti ẹ̀kẹta wá di ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún yàrá méjìméjì. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ já ti ibi tí kréènì ti yá, kí wọ́n fi yàrá yòókù sílẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́, ó ní, “Bàbá, ọkọ̀ yóò kán ni.” Ó ṣàlàyé fún mi pé bí a bá kó yàrá kan gbẹ nígbà tí èyí tí ó kàn án kún, omi yóò máa ti ibi fífúyẹ́ sókè, ẹrù yóò sì máa tẹ ibi wíwúwo sílẹ̀, àárín ọkọ̀ irin yóò sì tẹ̀ bí ọ̀pá tí a fi ru ẹrù. Ìgbákejì ọ̀gá ọkọ̀ ni ó ń ṣètò bí a ó ti máa bù ú ní yàrá kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìwé ìṣirò tèmi ti wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a ń sọ èyí lọ́wọ́, ojú ọ̀run ṣú láti ìhà òkun wá. Ẹnìkan fún fèrè. Lójú ẹsẹ̀ gbogbo kréènì dúró, ìdérí irin bẹ̀rẹ̀ sí í yí pa dé pẹ̀lú ariwo, àwọn òṣìṣẹ́ sì sá sí abẹ́ àrọ. Òjò dé. Ajílẹ̀ kò gbọdọ̀ rí omi, bí ó bá tutù yóò di òkúta tàbí kí ó yọ́. Ìdérí yóò wà ní pípadé títí òjò yóò fi dá tí ibẹ̀ yóò sì gbẹ. Oṣù kẹfà ni, ẹ sì mọ òjò Èkó ní oṣù kẹfà. Mo dúró níbẹ̀ mo sì rántí pé ní ọjọ́ ìsinmi tí ó ṣáájú, gbogbo ìjọ wa ní Ṣakí ni a ti kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún òjò.

Abẹ́ òrùlé tí a sá sí ni mo ti pàdé bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun. Bí ó ti gbọ́ ohùn mi ni ó ní, “Akọ̀wé, ará òkè ni yín.” Ọmọ Òkèihò ni òun fúnra rẹ̀, ó ti wá sí Èkó nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, àpò ni ó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rù. Ó ní ní ìgbà tiwọn kò sí gíráàbù fún sìmẹ́ǹtì. Dẹ́ríkì ni, igi irin gígùn méjì tí a so mọ́ òpó ọkọ̀. Ọ̀kan a nà sí orí ẹnu ikùn ọkọ̀, èkejì a nà sí orí èbúté, ìkọ́ kan ṣoṣo ni okùn méjèèjì sì dìmú. Bí wínṣì kan bá ń fà, èkejì gbọ́dọ̀ máa tú u sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí àwọ̀n tí ó kún fún àpò lè rìn lójú òfuurufú láti ìhín dé ọ̀hún. Ó ní ẹni méjì tí ń wa wínṣì náà ní láti mọ ara wọn bí ìbejì. Bí ọ̀kan bá fà jù, okùn yóò já, ẹni tí ó bá sì wà nísàlẹ̀, ó di tọ̀run. Ó fi apá rẹ̀ òsì hàn mí, kò nà tán. N kò béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, òun náà kò sì sọ.

Bàbá yìí fi ojú ara rẹ̀ rí ọdún 1975. Àwọn àgbà láàrin ẹ̀yin òǹkàwé yóò rántí. Ìjọba ológun ìgbà náà ti ránṣẹ́ ra sìmẹ́ǹtì tó mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, nígbà tí èbúté Èkó kò lè gba ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ láàrin ọdún kan. Ọkọ̀ tí ó ju 400 lọ tò sórí òkun, wọ́n ń retí àyè. Ó ní bí alẹ́ bá lẹ́, iná wọn lórí omi dà bí ìlú mìíràn. Ìjọba ń san owó ìdádúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, sìmẹ́ǹtì sì ń gba ọ̀rinrin nínú àwọn mìíràn títí ó fi di àpáta. Ìjọba tí ó tẹ̀lé e ni ó wá kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977. Mo rò ó pé bí odidi ìjọba bá lè ra ẹrù láìbéèrè ọwọ́ tí yóò sọ̀ ọ́, a kò gbọdọ̀ bú oníṣòwò Ìbàdàn jù. Ṣùgbọ́n mo bú u díẹ̀ síbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé kréènì ti bàjẹ́, kò sì sọ fún mi.

Àwọn baba wa rí èyí tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a tó mọ ògiri òkúta sí ẹnu òkun Èkó, iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1907, iyanrìn abẹ́ omi kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Òde ni wọ́n ń dúró sí, tí dẹ́ríkì wọn yóò máa sọ ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré, ìgbì a sì máa gbé e sókè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ènìyàn pàápàá, àpótí onígi ni a ń gbé wọn sí, tí a óò fi ìkọ́ kọ́, tí a óò sì sọ wọ́n kalẹ̀ bí ẹrù, ọ̀gbẹ́ni òyìnbó àti ìyá ọlọ́mọ bákan náà. Ní Àkrà, ọkọ̀ kékeré àwọn awakọ̀ ìgbì ni wọ́n ń lò títí èbúté Tema fi ṣí ní ọdún 1962. Èbúté Apápá tiwa, ọdún 1926 ni ọkọ̀ òkun ti ń fi ara kan ògiri rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí ó ti kàwé jù mí lọ nípa nǹkan wọ̀nyí, sọ fún mi pé àwọn kan ti borí gíráàbù pàápàá. Lórí àwọn adágún ńlá tí ó wà láàrin Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọkọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Hennepin tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1902 kí ó lè máa já ẹrù ara rẹ̀. Ní ọdún 1908 wọ́n sì kan Wyandotte láti ìpìlẹ̀ fún iṣẹ́ náà nìkan. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí ikùn rẹ̀ rí bí àrọ, ilẹ̀kùn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ṣí i, ẹrù yóò fúnra rẹ̀ dà sórí bẹ́lítì rọ́bà tí ń sáré nínú ihò gígùn lábẹ́ ọkọ̀. Bẹ́lítì yóò gbé e gun òkè dé ojú ọkọ̀, yóò sì fà á lé apá gígùn kan tí ó lè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, tí yóò sì dà á jọ sórí ilẹ̀ bí òkìtì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ni èyí lè já ní wákàtí kan, kò sì sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan ẹrù náà. Mo bi í pé kí ló dé tí gbogbo ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní owó ni, àti pé ẹ̀rọ náà a máa gba àyè tí ìbá jẹ́ ti ẹrù. Ẹni tí ń rin ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹrù kan náà lójoojúmọ́ ni ó lérè fún.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n gbà mí láàyè láti gun àtẹ̀gùn okùn dé ojú ọkọ̀, mo sì bẹ̀ wò sínú yàrá kẹrin. Jónà wá sí mi lọ́kàn. Ẹrù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Ẹnu gíráàbù kò lè dé igun, nítorí náà wọ́n ti fi kréènì sọ kátápílà kékeré kan kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ láti máa kó èyí tí ó kù jọ, àwọn ọkùnrin mẹ́fà sì ń fi ṣọ́bìrì gbá ara ògiri. Láti òkè wọn kò ju èèrà lọ. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń sáré wọ̀. Àwọn ẹrù kan wà, bí ọkà àti èédú àti pákó, tí ń fa ẹ̀mí inú afẹ́fẹ́ tán nígbà tí ikùn ọkọ̀ bá wà ní pípadé, ẹni tí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀ láìkọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ kí a sì fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò lè ṣubú kí ó tó kígbe. Ẹni tí ó bá sáré tẹ̀lé e láti gbà á, òun náà yóò ṣubú.

Bàbá ará Òkèihò sọ fún mi pé ẹni 20 sí 30 ni ó máa ń wà ní ikùn ọkọ̀ nígbà àpò, níbi tí mo ti rí mẹ́fà yìí. Mo bi í bóyá ó dùn ún. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yìn mi kò dùn ún. Àpò mi ni ó dùn.”

Mo padà sí Ṣakí ní ọjọ́ karùn-ún. Nínú ìpàdé mo ya ọkọ̀ náà sára pátákó pẹ̀lú ẹfun, yàrá márùn-ún, kréènì mẹ́rin, mo sì fa ìlà sórí èyí tí ó bàjẹ́. Ọkùnrin tí ó ti rẹ́rìn-ín ní ìjelòó bi mí bí okùn wáyà náà ti nípọn tó. Mo fi ọwọ́ ṣe é hàn án. Ó mi orí, ó jókòó. Ìyá arúgbó náà kò béèrè nǹkan kan nípa kréènì, ti àwọn tí ń fi ṣọ́bìrì gbálẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ó béèrè, bóyá wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń bo imú.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn èyí ni tírélà dé, ní òru, pẹ̀lú òjò. Àgbàdo àkọ́kọ́ ti kọjá àtúnṣe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ti ìkejì tí a óò gbìn ní oṣù kẹjọ ni a óò lò ó fún. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ọjà já ẹrù náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Àpò 600 ni, mẹ́sàn-án ti ya. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì ké sí ìyá arúgbó náà kí ó wá mú mẹ́ta tirẹ̀ ṣáájú, nínú èyí tí kò ya.